Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Bí A Ṣe Ń Wá Pátì fún Dírìlì Onídùúró Tó Ti Gbó

Ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ẹ̀kan yìí kì í ṣe ti ìwé ìṣirò tàbí ti ẹ̀yáwó bí ẹ ṣe mọ̀ wá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ ló fà á. Ọ̀rọ̀ dírìlì onídùúró ni, ẹ̀rọ ńlá tó ń lu ihò sára irin àti igi, irú èyí tó wà ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ káfíńtà àti wẹ́dà wa, tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò.

Ẹgbẹ́ tiwa ní ọ̀kan. Láti ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti kó o wá, àwọn àgbà tó sì dá owó rà á, díẹ̀ ló kù láyé nínú wọn. Nígbà tí púlì orí rẹ̀ fọ́, tí ọ̀pá àárín rẹ̀ sì ń mì jìgìjìgì, a fi í sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan dá àbá ní ìpàdé pé kí a tà á fún àwọn onírin àlòkù, kí a fi owó rẹ̀ kún owó ẹ̀yáwó. Onírin ti gbé òṣùwọ̀n dé kí bàbá àgbà kan nínú wa tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ṣé ẹ ti fi tépù wọ̀n ọ́n?” A ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé bá yan àwa mẹ́ta, wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta àti owó tí kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n ń ta tuntun.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé ara ẹ̀rọ yìí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìdúró rẹ̀, tábìlì rẹ̀ àti orí rẹ̀, irin tó nípọn ni. Àwọn tó máa ń jẹ tán ni bíárìn, bẹ́líìtì, ṣọ́ọ̀kì tó ń gbá bíìtì mú, sípíríǹgì àti súìṣì. Ohun tó wúwo ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó fúyẹ́ ni à ń wá. Ẹni tó bá sì tà á ní kílò, ohun tí kò bàjẹ́ gan-an ló tà.

Ẹ kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara rẹ̀, kí ẹ wá orúkọ. Yàtọ̀ sí àwo orúkọ, nọ́ńbà máa ń yọ sára irin dídà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé orúkọ lè yí padà kí ẹ̀rọ má yí padà. Rockwell ra ilé iṣẹ́ Delta ti Amẹ́ríkà ní 1945, nítorí náà pátì tí ẹ kò rí lábẹ́ orúkọ kan, ẹ tún fi orúkọ kejì wá a. Tiwa kò ní àwo mọ́. Ẹnì kan ti yọ ọ́ lọ, bóyá ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Ìwọ̀n ni a wá gbára lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bíárìn, nítorí ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fi owó ṣòfò. A rán ọmọ iṣẹ́ kan lọ sí ọjà pé kó ra “bíárìn dírìlì.” Òǹtajà fún un ní èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jọ ọ́ lójú, nígbà tó délé, ó fi mílímítà méjì tóbi jù, wọn ò sì gbà á padà. Ẹ̀bi wa ni. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bíárìn dírìlì. Nọ́ńbà ni bíárìn ń jẹ́, nọ́ńbà kan náà sì ni ní Jámánì, ní Japan àti ní Ṣáínà. Ẹ wo 6203. 62 ń sọ irú rẹ̀. 03 ń sọ bí ihò inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. 00 jẹ́ mílímítà 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Láti 04 lọ sókè, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 04 jẹ́ 20, 05 jẹ́ 25. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, ẹ fi fáníà wọn ohun mẹ́ta: ihò inú, fífẹ̀ òde, àti sísanra. Bí ẹ bá rí 17, 40 àti 12, 6203 ni. 20, 47 àti 14, 6204 ni. Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé irú 6203 wà nínú ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ mọ́tò, nítorí náà ọjà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládipọ̀ ní Èkó, tí wọn kò gbọ́ orúkọ dírìlì rí, lè ní i. Ẹ béèrè 2RS, èyí tó ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí lẹ́búlẹ́bú igi má baà wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó jẹ́ ìnṣì ni wọ́n fi wọn bíárìn wọn. Bí ọ̀pá náà bá jẹ́ mílímítà 19.05, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìnṣì ni. 6204 yóò wọ̀ ọ́, yóò sì máa yọ̀ lára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé agolo mílíìkì dí àlàfo yẹn. Bíárìn onínṣì ni kí ẹ béèrè.

Bóòtù náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní 1841 ni Joseph Whitworth gbé ìlànà bóòtù rẹ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igun eyín rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n 55. Ti Amẹ́ríkà àti ti mílímítà jẹ́ 60. Bóòtù ààbọ̀ ìnṣì ti Whitworth ní eyín 12 nínú ìnṣì kan. Ti Amẹ́ríkà, èyí tí eyín rẹ̀ kò wẹ́, ní 13. Wọ́n á wọ ara wọn díẹ̀, wọ́n á sì le. Ọ̀kan nínú wa rò pé agbára ló kù, ó fi ìkọ́ gígùn yí i, ó sì jẹ eyín inú irin náà run. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun náà ló kọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ dírìlì ńlá ló ń lo ọ̀pá tó ń tín-ín-rín lọ sókè, tí wọ́n ń pè ní Morse, láti ara orúkọ Stephen Morse ará Amẹ́ríkà. Ẹ wọn ibi tó fẹ̀ jù: mílímítà 12.065 ni Morse 1, 17.78 ni Morse 2, 23.825 ni Morse 3. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ẹ ó gbé lọ sọ́jà. Láti yọ ti àtijọ́, ẹ ó rí ihò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Ibẹ̀ ni à ń ki irin pẹlẹbẹ bọ̀, tí a ó fi òòlù gbá a. Ẹ má gbá ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ẹ nu méjèèjì gbẹ kí ẹ tó ti tuntun bọ̀; epo kò gbọdọ̀ kàn án.

Sípíríǹgì tó ń fa ọwọ́ padà sókè wà nínú agolo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ, wọ́n sì ká a mọ́ra gidigidi. Ẹni tó bá kàn tú ìdérí rẹ̀ lè fi ìka rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ di ìdérí mú, ẹ jẹ́ kó máa tú díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkọ́ orí rẹ̀ ló kán, ẹ fi iná sun òpin yẹn nìkan kó lè rọ̀, kí ẹ sì tẹ ìkọ́ tuntun.

Púlì ló gba àkókò wa jù. Kò sí lọ́jà rárá. A lọ bá àwọn tó ń da ìkòkò álúmíníọ̀mù. Wọ́n ní kí a má kó ìkòkò wá, kí a kó písítìnì mọ́tò tó ti bàjẹ́, nítorí sílíkónì wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ṣàn dáadáa. A lẹ àwọn àfọ́kù púlì pọ̀ láti fi ṣe àwòṣe. Ṣùgbọ́n álúmíníọ̀mù máa ń sún kì bó bá tutù, ó tó mílímítà 13 nínú mítà kan. Púlì ìnṣì 5 yóò fi mílímítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ dín kù, tọ́nà yóò sì tún fá a. A bá fi pọ́tì kún ara àwòṣe náà yíká, mílímítà 3. Èyí àkọ́kọ́ ní ihò afẹ́fẹ́ nínú. Wọ́n tún un dà láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tọ́nà, a bẹ̀ ẹ́ kó lu ihò àárín, kó sì fá òde rẹ̀ láìtú u kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, torí bó bá tú u, púlì náà yóò máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó ṣe ń yí.

Bẹ́líìtì rọrùn. Èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 13 lókè ni A, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e sì ni gígùn inú rẹ̀ ní ìnṣì. A38 jẹ́ ìnṣì 38.

Mọ́tọ̀ iná tiwa ti jóná. Ẹni tó bá ra tòkúnbọ̀ ti Amẹ́ríkà, kó ka àwo rẹ̀: 60 ni iná wọn, 50 ni tiwa. Èyí tí wọ́n kọ 1725 sí lára ní ọ̀hún yóò máa yí nǹkan bí 1425 níbí, fọ́líìtì rẹ̀ sì lè má bá tiwa mu. Láti mọ bí bíìtì yóò ṣe yára tó, ẹ fi fífẹ̀ púlì mọ́tọ̀ sọ yíyí mọ́tọ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi fífẹ̀ púlì òkè pín in. 1425, púlì ìnṣì 2 sí ìnṣì 5, jẹ́ 570 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn dára fún ihò ààbọ̀ ìnṣì lára irin lásán.

Nígbà tí a parí, owó tí a ná fi díẹ̀ kọjá èyí tí ìpàdé fún wa. Akápò bi wá léèrè lójú gbogbo ènìyàn, ó sì tọ̀nà: owó bíárìn tí a rà láìwọ̀n ló ṣe é. Àwa mẹ́ta san án láti inú àpò wa. Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ sì ń san owó kékeré lórí ihò kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ló kù. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí tábìlì lọ sókè sọ nù, ènìyàn méjì ló sì ń gbé tábìlì náà báyìí. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú ẹ̀rọ yìí tí kò lò mọ́, kó jọ̀ọ́ wọn ihò ọwọ́ rẹ̀, kó sì fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé Àpapọ̀.