Gèlè kì í ṣe ohun tí à ń wọ̀

Olóòtú kan lórí rédíò l'Abẹ́òkúta ń ròyìn ayẹyẹ fún wa: àwọn ọkùnrin wọ fìlà, àwọn ìyàwó wọn wọ gèlè, tọkùnrin tobìnrin wọ ìlẹ̀kẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rédíò. Wear Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́kàn rẹ̀, wọ̀ ló kàn fi bò ó.

Òyìnbó lè wear fìlà, kó wear lọ́fínńdà, kó wear irùngbọ̀n, kó tún wear ẹ̀rín. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. À ń dé fìlà, à ń wé gèlè, à ń ró ìró, à ń sán bàǹtẹ́, à ń lo ìlẹ̀kẹ̀, à ń lé tìróò, à ń fín lọ́fínńdà. Irùngbọ̀n, ńṣe là ń dá a sí. Ẹ̀rín ńkọ́? À ń rín in ni!

Mo fẹ́ràn wọ̀ gan-an, ìdí nìyí tó fi ń dùn mí. Wíwọ inú nǹkan ló wà nídìí rẹ̀: oòrùn wọ̀, àlejò wọ̀ sílé ẹni, èrò wọ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wọni létí. Bùbá àti dàńṣíkí, ara ló ń wọ inú wọn, la ṣe ń wọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n dé tá a fi ń dé ìkòkò náà la fi ń dé fìlà, nítorí ó bo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìró kò tilẹ̀ ní orúkọ mìíràn ju ohun tí à ń ró lọ.

Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pa aṣọ òyìnbó tì ní àwọn ọdún 1940 sókè, kó lè rí bí àwọn obìnrin ọjà tó ń kó jọ, ìró ló ró, gèlè ló wé. Àwọn obìnrin tó lọ kóra jọ ní ààfin Aké, l'Abẹ́òkúta, lọ́dún 1947 nítorí owó orí, ìró ni wọ́n ró lọ. Ẹ fi wọ̀ sọ ìtàn yẹn wò: ọwọ́ tó yí aṣọ po ìdí, tó ki etí rẹ̀ bọnú kó má baà tú, a ò rí i mọ́.

Bàtà ti bọ́ lọ́wọ́ wa, mo gbà. Bọ̀ ni àwọn àgbà ń bọ̀ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ ṣì ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n “wọ bàtà” ló gbòde, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ti gèlè ni n kò tíì gbà. Wọ́n ti wá ń tà á ní rírán báyìí, auto-gèlè, téèyàn kàn ń gbé ka orí. Ẹni tó rà á lọ́jà Ìtòkú, tó ní òun kò wé e, òótọ́ ló sọ. Kó sọ pé òun dé e nígbà náà.