Kẹ́ẹ̀gì Yẹ́lò: Ìkìlọ̀ fún Ará Yewa

Ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò onílítà 25 tó wà káàkiri ilẹ̀ Yewa, òróró ni wọ́n kọ́kọ́ rọ sínú rẹ̀. Oníbúrẹ́dì tàbí olóúnjẹ lo òróró náà tán, ó ta ike rẹ̀ fún oníkẹ́ẹ̀gì. Bó bá ti kúrò lọ́wọ́ oníkẹ́ẹ̀gì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ mọ́. Ìyá elépo pupa lè rà á. Onífàyàwọ́ náà lè rà á, kó rọ bẹntiróòlù kún un, kó dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, kó gba ọ̀nà igbó Ìlárá tàbí Ìjoun sọdá sí ilẹ̀ Benin. Bí kẹ́ẹ̀gì náà bá padà dé, wọ́n á da omi ọṣẹ àti yanrìn sínú rẹ̀, wọ́n á mì ín dáadáa, wọ́n á dorí rẹ̀ kodò sóòrùn, ó tún di ọjà Ṣayédẹ̀rọ̀ n'Ílarò tàbí ọjà Ayétòrò nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ ló dín díẹ̀ sí ti tuntun, ohun tó sì ń fa oníbàárà mọ́ ọn nìyẹn.

Mo mọ̀ pé bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ májèlé àyíká ní Yewa, eruku sìmẹ́ǹtì lọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ, pàápàá láti 2012 tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ̀sè. Ọ̀rọ̀ yẹn tó ohun tí à ń jókòó sọ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n eruku ṣeé rí, èèyàn sì lè fi aṣọ bomú. Bẹntiróòlù tó ti wọ ara ike lọ kò ṣeé rí, inú ọbẹ̀ la ti ń bá a pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Láti ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe ike kẹ́ẹ̀gì, ìbátan ni òun àti bẹntiróòlù. Nítorí náà, bí bẹntiróòlù bá pẹ́ nínú rẹ̀, kì í dúró sójú ike nìkan, ó ń rin wọ ara rẹ̀ ni. Ọṣẹ àti yanrìn ń fọ ojú ike, wọn kò dé inú ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí kẹ́ẹ̀gì tí a fọ̀ lówùúrọ̀, tí kò rùn mọ́, fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rùn padà bí oòrùn bá pa á dọ̀sán. Epo pupa ló wá burú jù láti rọ sínú irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ fa bẹntiróòlù jáde lára ike, torí pé omi àti bẹntiróòlù kì í ṣọ̀rẹ́. Epo pupa, òróró àti àdín ń fà á, wọ́n sì ń gbé e pamọ́ sára wọn. Epo tó bá lo oṣù mẹ́ta nínú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀, tí elépo ń dúró dìgbà tí epo máa wọ́n kó tó tà á, oṣù mẹ́ta ló fi ń fà á.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́jà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí wọ́n da omi gbígbóná díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n gbé e sóòrùn títí tẹ́ ẹ fi máa ra ọjà yòókù tán. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá rùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí kò bá rùn, ẹ má tíì yọ̀, torí wọ́n lè ti rọ oògùn oko sí i rí, àwọn oògùn oko kan sì wà tí imú èèyàn kò lè mọ̀. Bó bá ṣe epo jíjẹ tàbí omi mímu lẹ fẹ́ rọ sí i, ike tuntun ni kẹ́ ẹ rà, tàbí èyí tẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé òróró ni wọ́n dà nínú rẹ̀ tán.

Kí ni bẹntiróòlù fẹ́ ṣe fún èèyàn? Nínú rẹ̀ ni kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní benzene. Ó máa ń ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé benzene inú omi mímu kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan. Bí ìdá kan péré nínú 100 bẹntiróòlù bá jẹ́ benzene, lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo tó láti ba nǹkan bíi lítà omi 700,000 jẹ́ dé ìwọ̀n yẹn. Ní 2011, àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé ìwádìí wọn jáde nípa ilẹ̀ Ògóni ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ní Nsisioken Ogale, wọ́n bá benzene nínú kànga tí àwọn èèyàn ń mu, ó ju ìwọ̀n Àjọ Ìlera lọ ní ìlọ́po 900. Wọ́n ní àtúnṣe ilẹ̀ Ògóni lápapọ̀ lè gbà tó ọdún 25 sí 30. Ògóni jìnnà sí wa, páìpù epo kò sì ya wọ kànga wa. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìnkùlé onífàyàwọ́ tí wọ́n ti ń fi àrọ rọ epo láti kẹ́ẹ̀gì dé kẹ́ẹ̀gì lóru, tí kànga adúgbò kò ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ yanrìn ni ilẹ̀ Ìlarò. Kódà orúkọ ìlú náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pe àpáta oníyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá dà sórí yanrìn kì í pẹ́ kó tó wọlẹ̀ lọ.

Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tí àwọn kan ń tọ́jú sílé kò ṣàdéédé wọ iyàrá wa. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti bodè pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè. Bodè Ìdíròkò kò ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. Ẹni tó ń gbé lágbègbè yẹn, tó sì fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kó gun ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì ló kù tó lè fọkàn tẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fífi iná sórí òrùlé sùn ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, lódìkejì bodè, gbiná. Ó lé ní 30 èèyàn tó jóná kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn.

Oògùn oko ni májèlé ẹlẹ́ẹ̀kejì, bóyá òun gan-an ló sì yẹ kó ṣíwájú. Àgbẹ̀ wa kì í sábà ra odindi gálọ́ọ̀nù. Ó máa ń ní kí wọ́n wọn díẹ̀ fún òun ni, olùtajà a sì wọ̀n ọ́n sínú ike omi tàbí ike ẹlẹ́rìndòdò. Orúkọ oògùn kúrò lára rẹ̀, ìkìlọ̀ kúrò, àwòrán orí òkú kúrò. Ó délé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Apakoríko tí wọ́n ń pè ní paraquat burú nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé àtijọ́ àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti kóòkì, àṣìmu rẹ̀ pa èèyàn púpọ̀ lágbàáyé, kí àwọn tó ń ṣe é tó fi aró búlúù àti òórùn burúkú sí i. Èyí tó kún ẹnu lẹ́ẹ̀kan lè pa àgbàlagbà. Kò ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀. NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì fòfin de atrazine, apakoríko mìíràn, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wọn èyíkéyìí nínú méjèèjì fún yín lónìí, ohun tí òfin ti kọ̀ ló ń tà.

A ní àríkọ́gbọ́n nítòsí. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, ní ilẹ̀ Ìbàrìbá lápá àríwá Benin, oògùn òwú tó ń jẹ́ endosulfan pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Gbogbo wọn kọ́ ló fín in. Àwọn kan jẹ àgbàdo tí wọ́n gbìn sáàárín òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, àwọn kan sì lo ike oògùn tó ti tán fún omi àti oúnjẹ. Ní 2011, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi endosulfan sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ti ẹ̀wà wa náà ń bẹ: láti 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, nítorí DDVP tí àwọn oníṣòwò ń fi pa kòkòrò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, àwa ń sè é jẹ níbí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá fara balẹ̀ ka apá tó kàn yìí. Bí ọmọ bá mu bẹntiróòlù tàbí karosíìnì, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ká rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ewu bẹntiróòlù nínú ikùn kò tó ewu rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Epo pupa máa ń mú kí ọmọ bì, bó bá sì ti ń bì, bẹntiróòlù á gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, epo pupa náà a sì lè bá a wọlé. Mílíìkì àti ẹyin tútù kò sàn jù ú lọ. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ gbé e kúrò níbi tí epo ti ń rùn, ẹ bọ́ aṣọ tó ti rin, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e jókòó, ẹ sì gbé e lọ ọsibítù. Bó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má dúró de bàbá rẹ̀.

Tó bá jẹ́ DDVP tàbí ọtapiapia lèèyàn mu, ẹ máa rí i pé itọ́ ń ṣàn, ojú ń ṣomi, òógùn ń bò ó, ọmọlójú á kéré gan-an, ẹran ara á máa fò. Oògùn yìí ń gba awọ ara wọlé, ẹni tó ń fọ ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ tirẹ̀. Ọsibítù ní abẹ́rẹ́ fún un, atropine lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni náà ní láti tètè dé ibẹ̀. Ti paraquat ń tan ni jẹ: ẹni tó mu ún lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹbí máa dúpẹ́, kí ẹ̀dọ̀fóró tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe kókó. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ di ike rẹ̀ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ mú un dání lọ fún dókítà.

Báwo la ṣe ń yọ májèlé kúrò níbi tó ti wọ̀? A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa orísun rẹ̀ dé. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú erùpẹ̀ wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọ tó ju 400 lọ. Àwọn dókítà ní oògùn tó ń fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ wọ́n rí i pé asán ni fífún ọmọ ní oògùn tó bá tún máa padà sínú agbo ilé kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ há erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ kúrò, wọ́n kó erùpẹ̀ mímọ́ dípò, kí wọ́n tó tọ́jú ọmọ. Ní abúlé Bagega, ó di 2013 kí ìyẹn tó ṣeé ṣe.

Ti ike oògùn oko kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ike bá ti tán, ẹ bu omi sí i dé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ mì ín dáadáa, ẹ da omi náà sínú pọ́ǹpù tẹ́ ẹ fi ń fín oògùn, kí ó bá oògùn lọ sóko. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè pọn omi sí i láé. Ẹ má sun ún, èéfín rẹ̀ ni májèlé mìíràn. Ẹ má fọ pọ́ǹpù sínú odò Yewa tàbí ìṣàn kankan tó ń ya sínú rẹ̀.

Bí bẹntiróòlù bá dà sílẹ̀, ẹ má da omi lé e, omi ló máa gbé e lọ sínú kànga. Ẹ pa gbogbo iná tó wà nítòsí, ẹ fi iyanrìn gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó fà á. Ẹ wú erùpẹ̀ tó ti mu ún, ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá níbi tó jìnnà sí ilé àti kànga, ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, ẹ máa wọ́n omi sí i kó rọ̀, ẹ máa yí i. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló máa jẹ epo náà tán, ó lè gbà tó oṣù mélòó kan.

Kànga ló nira. Bí omi kànga bá ti ń rùn bẹntiróòlù, gbígbọ́n rẹ̀ gbẹ kò tó, inú ilẹ̀ kan náà ni omi tuntun á tún ti sun. Ẹ má sè é kẹ́ ẹ máa rò pé ó ti mọ́. Èéfín tó ń jáde ń wọ imú ẹni tó ń sè é, ó sì lè gbiná. Álọ́ọ̀mù, kílórìn àti èso màríńgà ń ṣiṣẹ́ lórí ẹrẹ̀ àti kòkòrò àrùn, wọn kò kan benzene. Èédú tí ilé iṣẹ́ ṣe fún sísẹ́ omi ń fa benzene dáadáa, ṣùgbọ́n èédú ibi ìdáná kò dà bí i rárá, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ pa kànga náà tì, ẹ ké sí wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yẹ omi náà wò, ní ibi ìwádìí kẹ́míkà tó mọ̀ nípa rẹ̀, ìgò gíláàsì tó mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ike. Ẹ rọ omi náà kún dé ẹnu láìsí afẹ́fẹ́ kankan lórí rẹ̀, ẹ dé e pinpin, ẹ fi í sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ẹ sì gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí bó bá pẹ́ kó tó débẹ̀, benzene inú rẹ̀ lè dín kù, èsì á sì lè sọ pé omi yín mọ́.