Ẹnu Wọn Jọra, Eré Wọn Kò Jọra

Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà, tí ẹ yà sí òpópónà Otigba, wáyà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Wọ́n gbé e kọ́ ara agbòòrùn, wọ́n tò ó sórí tábìlì, àwọn tó ń kiri sì fi í lé èjìká. Gígùn wà níbẹ̀, kúkúrú wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹnu kan náà, ẹnu kékeré pẹlẹbẹ tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Type-C. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò wọ́n á ní iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú wáyà méjì tí ẹnu wọn bára mu, ọ̀kan lè yára ju èkejì lọ ní ìlọ́po ọgọ́rin. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi owó ra wáyà mọ ohun tó fà á.

Iṣẹ́ wáyà yìí ni láti so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ohun èlò tí kò sí nínú ikùn rẹ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kámẹ́rà, tàbí háàdì dísìkì tí à ń gbé sínú báàgì. Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilé gbígbé di ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Otigba, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu tirẹ̀. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ 25 nínú, wọ́n sì ń fi ìdè méjì dè é mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ti máòsì rí róbótó. Ní 1996 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Intel, Microsoft àti IBM fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ohun èlò á máa gbà. USB ni wọ́n pè é. Ajay Bhatt, ẹnjiníà ọmọ Íńdíà tó ń bá Intel ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó ṣe é.

Báwo la ṣe ń wọn eré wáyà? Bíìtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, iye bíìtì tó lè gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: báìtì ni a fi ń wọn fáìlì, bíìtì ni a fi ń wọn wáyà, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Nítorí náà, wáyà tí wọ́n kọ mẹ́gábíìtì 480 sí lára kò lè gbé ju mẹ́gábáìtì 60 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tó bá dójú iṣẹ́, ohun tó ń gbé kì í sábà ju bí 40 lọ.

Mẹ́gábíìtì 12 ni USB àkọ́kọ́ lè gbé. Ní ọdún 2000, USB 2.0 gbé e dé 480. Ní 2008, USB 3.0 dé gígábíìtì 5, ìyẹn mẹ́gábíìtì 5,000. USB4 ti 2019 dé gígábíìtì 40. Intel àti Apple náà ti gbé ọ̀nà mìíràn, Thunderbolt, jáde ní 2011; láti 2015 ni òun náà ti ń lo ẹnu Type-C, ó sì ń sáré dé gígábíìtì 40 nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ayàfídíò kan ní Agége, ẹni tó ya ìgbéyàwó ní Sátidé, tí fídíò rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 100. Bó bá fi wáyà USB 2.0 kó o sínú háàdì dísìkì, á jókòó tì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Bí iná bá lọ láàárín ìyẹn, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sì dára, á tún un bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ USB 3.0 ló lò, tó sì kó o sínú SSD, tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tó o. Ṣùgbọ́n bó bá so wáyà kan náà mọ́ háàdì dísìkì tó ń yí, bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, nítorí dísìkì náà kò lè gba ẹrù yára tó bí wáyà ṣe ń gbé e wá.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu eré yìí: ihò ara kọ̀ǹpútà, wáyà, àti ohun èlò tí ẹ so mọ́ ọn. Èyí tó bá lọ́ra jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyókù á tẹ̀ lé. Bí ọ̀nà tó gba ọkọ̀ mẹ́fà bá já sórí afárá tó gba ọkọ̀ kan ṣoṣo, bí afárá bá ṣe gbà ni ọkọ̀ á ṣe kọjá. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló ní ihò USB 2.0 ní apá kan àti 3.0 ní apá kejì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó sórí SSD.

Inú wáyà ni ìyàtọ̀ tó ga jù wà. Okùn tín-ín-rín mẹ́rin ló wà nínú wáyà USB 2.0: méjì fún iná, méjì fún bíìtì. Ti USB 3.0 jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹnu Type-C ní àyè fún ojú 24, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe wáyà lè so díẹ̀ nínú wọn, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Wáyà chárjà olówó pọ́ọ́kú mìíràn kò tilẹ̀ ní ju okùn iná lọ. Fóònù á gba iná, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ pé fóònù kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú nìkan o. Nígbà tí Apple gbé iPhone 15 Pro jáde ní 2023, fóònù náà lè sáré dé gígábíìtì 10, ṣùgbọ́n mẹ́gábíìtì 480 ni wáyà tó wà nínú páálí rẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kó di dandan kí wọ́n kọ iye eré sára gbogbo wáyà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ sára páálí oògùn. Ẹni tó ń rà á ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

Àmì díẹ̀ wà tí ẹ lè wò. Bí ẹnu pẹlẹbẹ àtijọ́, tí kì í ṣe Type-C, bá ní àwọ̀ búlúù nínú, USB 3.0 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ wá lẹ́tà SS, nọ́ńbà 10, 20 tàbí 40, tàbí àmì mànàmáná tó ní nọ́ńbà 3 tàbí 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ayédèrú lè ní àwọn àmì yìí náà, torí náà ẹ gbé láptọ́ọ̀pù àti dísìkì yín dání lọ sí ọjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi wáyà náà kó fáìlì ńlá kan, kí ẹ sì wo iye mẹ́gábáìtì tí kọ̀ǹpútà ń kọ sójú. Bí kò bá kọjá 40, tí ihò àti dísìkì yín sì jẹ́ ti 3.0, wáyà USB 2.0 ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ gígùn. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni wáyà gbọ́dọ̀ máa kúrú. USB 2.0 lè gùn dé mítà 5, ti 3.0 kì í sábà kọjá mítà 3, wáyà Thunderbolt lásán tó ń gbé gígábíìtì 40 kò sì ju bí ìdajì mítà sí mítà kan lọ. Nítorí náà, ní ilé iṣẹ́ ńlá bíi ti òpópónà Ọba Akran, níbi tí ọ́fíìsì ti jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì wà, kí wọ́n má ṣe so USB mọ́ USB. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Ethernet ni kí wọ́n fà, nítorí ó lè gùn dé mítà 100.