Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Dá Kọ́ Ijó Orí Yìnyín, Ẹ Má Kánjú Fò

Owó kóòṣì kì í ṣe kékeré ní London. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa, àti àgbàlagbà tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè, fi ń lọ sí gbọ̀ngàn yìnyín Streatham tàbí ti Alexandra Palace láti dá kọ́ ijó orí yìnyín. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má dá a kọ́ o. Ẹni tó bá ní sùúrù á rí púpọ̀ kọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo ń kìlọ̀ fún yín ni fífò àti yíyí bí òkòtò nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì mọ ibi tó ń tẹ̀.

Kí ẹ tó ronú fífò, ẹ dojú bàtà yìnyín yín délẹ̀, kí ẹ wo irin abẹ́ rẹ̀. Etí méjì ló ní, ti inú àti ti òde, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là wọ́n láàárín. Ẹ rọra fa èékánná kọjá lórí etí náà. Bí kò bá họ èékánná rárá, ó ti kú nìyẹn. Bàtà tí wọ́n ń yáni ní gbọ̀ngàn sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, yóò sì máa yọ̀ lábẹ́ yín níbi tó yẹ kó ti di yìnyín mú. Orí etí wọ̀nyí ni gbogbo ijó náà dúró lé. Ìfò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí àwọn oníjó ń fò nínú ìdíje, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń balẹ̀, lórí etí òde, tí wọ́n sì ń yọ̀ sẹ́yìn lọ. Ẹni tí kò lè dúró lórí etí yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìfò, kí ló fẹ́ fi balẹ̀?

Ewu tó wà nínú àìní olùkọ́ ni pé ara ẹni kì í fi àṣìṣe han ẹni. Ẹ ó rò pé ẹ fò, ṣùgbọ́n orí yìnyín lẹ ti yí tán kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Bí ẹ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ fún oṣù mélòó kan, ó di bárakú, ìrora gbígbàgbé rẹ̀ á sì ju ti kíkọ́ lọ. Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan kó fi fóònù ya yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wò ó bóyá orúnkún ń tẹ̀ àti bóyá ilẹ̀ lẹ ń wò. Bí owó kóòṣì kò bá tó, ẹ wọ kíláàsì alájọkọ́. Owó rẹ̀ fúyẹ́ ju ti àdáni lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Nínú ètò Learn to Skate USA ní Amẹ́ríkà, jíjókòó sórí yìnyín àti dídìde wà lára ẹ̀kọ́ ìpele kìn-ín-ní, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìdí lọlẹ̀. Ẹ má na ọwọ́ sílẹ̀, torí ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń kán. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ kí irin ẹlòmíràn má baà gun ìka yín, kí ẹ sì kúnlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún yẹn, ẹ dìde kíá.

Àwọn ọ̀dọ́ ń wo Ilia Malinin, oníjó orí yìnyín ará Amẹ́ríkà tó ń takìtì, lórí fóònù, wọ́n sì fẹ́ takìtì bíi tirẹ̀. Oníjó ará Faransé, Surya Bonaly, takìtì sẹ́yìn ní ìdíje Olympics Nagano lọ́dún 1998, ó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì lórí ilẹ̀ ló ti kọ́ kó tó dé orí yìnyín, àwọn tó ń ṣètò ìdíje sì ka òkìtì yìí léèwọ̀ nítorí ewu rẹ̀ títí di ọdún 2024. Kì í ṣe ohun tí a ń fi fídíò kọ́.

Ẹ̀yin òbí, akoto ni kí ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ dé, ẹ̀yin náà ẹ dé e. Ẹni tó bá fi orí lu yìnyín kò gbọ́dọ̀ padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní kò sóhun tó ṣe òun. Bó bá ń bì, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ tí kò já geere, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.