Irúgbìn Ẹ̀wà tí Ọjà Kò Rà

Ìyá tó fẹ́ se ẹ̀wà mọ olóyin yàtọ̀ sí funfun, ó sì mọ èyí tó ń tètè jinná. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀wà ju àwọ̀ àti adùn lọ. Ọ̀kan lè fara da ọ̀dá, òmíràn lè tètè so, òmíràn ẹ̀wẹ̀ kì í rọ kòkòrò lọ́rùn láti jẹ. Inú irúgbìn ni àbùdá wọ̀nyí ń gbé. Àwọn àgbẹ̀ tí ń ṣa irúgbìn sọ́tọ̀ lọ́dọọdún ló pa wọ́n mọ́ dè wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi kòkòrò ẹ̀wà ṣe àpẹẹrẹ. Ara ẹ̀wà ni abo rẹ̀ ń yé sí. Ìdin a lu wóró wọlé, a jẹ inú rẹ̀, títí yóò fi di kòkòrò tó ń gba ojú ihò jáde. Ṣáájú ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ẹ̀wà wò nítorí rẹ̀. Ẹ̀wà ìbílẹ̀ kan láti Nàìjíríà níhìn-ín, tí wọ́n fún ní orúkọ TVu 2027, ló ta yọ. Púpọ̀ nínú ìdin tó wọ inú rẹ̀ ń kú, èyí tó yè sì ń pẹ́ kó tó dàgbà. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti fa àbùdá náà sínú àwọn ẹ̀wà tuntun. Bí àwọn tó ń gbìn ín bá ti sè é tán nítorí pé ọjà kò bèèrè rẹ̀, ibo ni à bá ti rí i?

Lónìí, oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000 ni IITA ń tọ́jú sínú òtútù. Ẹ̀dà irúgbìn wọn wà ní Svalbard, ní Norway, níbi tí wọ́n ṣí ilé ìpamọ́ sí ní 2008. Ìṣọ́ra yìí kì í ṣe àṣejù. Nígbà tí ogun Syria dé Aleppo, ICARDA, tó ní ilé ìpamọ́ nítòsí ibẹ̀, lọ gba irúgbìn tirẹ̀ padà ní Svalbard ní 2015, wọ́n sì tún un gbìn ní Lebanon àti Morocco.

Síbẹ̀, irúgbìn inú òtútù kò bá kòkòrò tuntun pàdé. Ti inú oko nìkan ló ń bá a pàdé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣì ní àgbà nílé tó ń gbin ẹ̀wà àtijọ́, ẹ bá wa bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, oṣù tí wọ́n ń gbìn ín, àti oúnjẹ tí wọ́n ń fi í sè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà sínú ìgò kan náà pẹ̀lú irúgbìn.