Sí Àkànní: Owó Tí Ọjọ́ Ń Jẹ

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ojú fóònù tí o fi ránṣẹ́. O ní ṣíà náà kò já, o wá ń bi mí pé ta ló ń jẹ owó rẹ. Ọjọ́ ni. Láti 1973 tí wọ́n ti ṣí ọjà ọ́pṣọ̀n ní Chicago, kò sí ẹni tó ra ọ́pṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà tàbí láti tà á ní iye kan títí di ọjọ́ kan, tí ọjọ́ kì í jẹ nínú owó rẹ̀. Theta ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá mọ òwò náà á ti fojú bu iye rẹ̀ kó tó sanwó.

Wo tìrẹ. Ṣíà wà ní $100, $100 náà ni iye tí o gba ẹ̀tọ́ láti rà á, ó ku ọjọ́ 30, o sì san $3.44. Níwọ̀n ìgbà tí ṣíà kò tíì kọjá $100, owó ọjọ́ ni gbogbo $3.44 yẹn, kò sí èrè kankan nínú rẹ̀. Sọ ọjọ́ tó kù di ìlọ́po méjì, kí o fi pín owó náà: $3.44 sí ọ̀nà 60 jẹ́ sẹ́ǹtì 5.7 lójúmọ́ lórí ṣíà kan. Ṣíà 100 ló wà nínú ọ́pṣọ̀n kan, mẹ́rin lo sì rà. Bíi $23 ló ń lọ lójúmọ́, bí ṣíà kò bá tilẹ̀ mira.

Owó ilé kì í yí padà láti oṣù dé oṣù. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ku ọjọ́ 15, bíi $2.43 ló máa ṣẹ́ kù, ó ju ìdajì lọ dáadáa. Bó bá ku 7, ó di $1.66. Pín ìyẹn sí 14: sẹ́ǹtì 12 lójúmọ́! Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ni ebi ń pa ọjọ́ jù.

Ọ́pṣọ̀n tí iye ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá ti ṣíà dọ́gba ni ìṣirò yìí bá mu o. Èyí tó jìnnà sí ṣíà sábà máa ń gbẹ kí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn tó dé. Má sì rò pé Sátidé àti Sọ́ńdè jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọlọ́jà ńlá lè ti yọ owó ọjọ́ méjèèjì láti Fúráìdé. Tí ilé-iṣẹ́ bá sì kéde èrè rẹ̀, tí ara ọjà wá balẹ̀, owó ọ́pṣọ̀n lè já lóru ọjọ́ kan ju èyí tí theta ń jẹ lọ́sẹ̀ kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ọjọ́.

Bí ṣíà bá gòkè dọ́là kan, ọ́pṣọ̀n rẹ á gbé bí ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, kí ṣíà máa gòkè bíi sẹ́ǹtì 11 lójúmọ́ ni o fi lè dí ohun tí ọjọ́ ń jẹ lọ́wọ́ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, bíi 24. Tí o bá sì dì í mú dé òpin, àfi kí ṣíà kọjá $103.44 kí o tó rí èrè.

Èrò tèmi ni pé kí o ta méjì bó bá ku ọjọ́ 15, láìka bí ọjà bá ṣe rí. Ṣe ìṣirò ti àwọn yòókù fúnra rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó pè ọ́ ní Sátidé. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ