Ta Ni Yóò Ra Ọkọ̀ Náà?

Àjàní, ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

   

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, èyí tí o kọ àwọn ọkọ̀ tuntun tí o fẹ́ kí àwọn tó ṣe géèmù BeamNG.drive fi kún tiwọn sí. Mo kà á tán, mo tún un kà. Inú mi dùn pé èmi ni o kọ́kọ́ fi hàn. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo lo ìgbà èwe mi àti àgbà mi sí, n kò sì mọ̀ pé ọmọ kan nínú ẹbí wa yóò tún máa ronú lórí ṣáàsí àti ṣọ́ọ̀kì tọkàntọkàn báyìí. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lọ́kàn, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́. Mẹ́rin nínú ọkọ̀ mẹ́fà tí o kọ sílẹ̀ kò tíì di ọkọ̀.

Ìkíní ní agbára ẹṣin 1,500. Ìkejì ní 1,800. Ìkẹta ń lo iná mànàmáná, o ní kò sí èyí tí yóò lè sáré bá a, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tí bátìrì rẹ̀ wọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì ló ń wúwo jù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ìkẹrin, mo ti mọ ohun tí o máa sọ kí n tó kà á. Mo wá ọdún tí wọ́n jáde, n kò rí i. Mo wá iye tí wọ́n ń tà wọ́n, irú títì tí wọ́n ṣe wọ́n fún, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára wọn, n kò rí ọ̀kankan. Ọkọ̀ tí a kò mọ ẹni tí yóò rà á dà bí aṣọ tí télọ̀ rán láìwọn ẹnikẹ́ni: ó lè máa dán, kò ní bá ẹnì kan mu.

Wo ọgbọ́n tí àwọn ará Bremen ní Jámánì tó ni géèmù náà dá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò kì í fẹ́ kí aráyé máa rí ọkọ̀ wọn níbi tó ti ń rún wómúwómú, géèmù yìí sì rèé, bí ọkọ̀ ṣe ń rún gan-an ni iyì rẹ̀. Wọ́n wá dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ nínú ìrònú: Gavril àti Bruckell fún Amẹ́ríkà, Ibishu àti Hirochi fún Jàpáànù, ETK fún Jámánì, Civetta àti Autobello fún Ítálì, Cherrier fún Faransé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìsọ̀ láyé yìí, síbẹ̀ téèyàn bá rí ọkọ̀ wọn, á rò pé òun ti pàdé rẹ̀ rí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlú tó bí i àti òfin tó tọ́ ọ.

Mú Grand Marshal ti Gavril. Mọ́tò gbọ̀ọ̀rọ̀ ni, ẹ́ńjìnnì níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Ẹni tó bá ti wo fíìmù Amẹ́ríkà mọ irú rẹ̀: ọlọ́pàá ló ń gùn ún, onítakisí sì ń rà á lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá tà á. Tàbí kí o wo Ibishu Pigeon, ọkọ̀ ẹrù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń mú ọ rẹ́rìn-ín tó bá dojú dé ní kọ́nà. Kì í ṣe ẹni tó yà á ló pinnu pé kó kéré bẹ́ẹ̀. Láti 1949 ni ìjọba Jàpáànù ti ya àwọn ọkọ̀ kékeré sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin, wọ́n fi òdiwọ̀n sí gígùn wọn, fífẹ̀ wọn àti ẹ́ńjìnnì wọn, owó orí wọn sì kéré sí ti ọkọ̀ ńlá. Daihatsu Midget ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde ní 1957, àwọn oníṣòwò kéékèèké sì ń fi í kó ọjà wọ inú òpópónà tóóró. Ní 1976 òdiwọ̀n ẹ́ńjìnnì di 550 cc, ní 1990 ó di 660. Gbogbo ìgbà tí òfin bá yí, ìrísí ọkọ̀ náà a yí.

Ítálì náà ní tirẹ̀. Owó orí tí wọ́n ń gbà nígbà kan rí lórí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju lítà méjì lọ ga débi pé Ferrari pàápàá tẹrí ba. Ní 1975 wọ́n gbé 208 GT4 jáde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8 tí kò ju 1,991 cc lọ. Sílíńdà mẹ́jọ nínú lítà tí kò pé méjì, Àjàní! Kò sí mẹkáníìkì tí yóò jókòó sílé kó ro irú èyí, àfi kí agbowó orí fipá mú un. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ọ̀wọ́n epo 1973 àti òfin 1974 tó ní kí ẹnikẹ́ni má sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan lọ ló sọ àwọn kúpé ńlá bíi Bruckell Moonhawk di ohun àná. Òfin, owó orí, títì àti epo ni kí o kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Bí o bá ti kọ wọ́n, agbára ẹṣin á fúnra rẹ̀ jáde, ó sì máa ń kéré sí èyí tí ọkàn rẹ fẹ́.

Jẹ́ ká wá sọ ti ìwúwo, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń bínú díẹ̀. Géèmù náà kì í ṣe àwòrán lásán. O fúnra rẹ ló ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojúkò, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n kílò tirẹ̀, tí a fi ọ̀pá so pọ̀; ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe le tó, ibi tí yóò tẹ̀ dé, ibi tí yóò já sí. Kọ̀ǹpútà ń ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀ nígbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣé o rántí ìgbà tí o gbé Covet ti Ibishu sáré nínú géèmù náà ní Kérésìmesì, tí wílì iwájú ọ̀tún nìkan kan òkúta? Ara ọkọ̀ kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń fà sí ọ̀tún, o sì ń di sítíárìn mú sí òsì kó tó lè lọ gbọọrọ. Ohun tí ọ̀pá sítíárìn tó bá tẹ̀ máa ń ṣe fún oníbàárà wa ní ṣọ́ọ̀bù gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà o kọlu ògiri, rédíétọ̀ bẹ́, omi dànù, ẹ́ńjìnnì gbóná títí tó fi kú. N kò tíì rí ohun tó jọ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà rí.

Àwọn tó ṣe irú nǹkan báyìí ni o wá kọ̀wé sí pé ọkọ̀ rẹ "fúyẹ́, ó sì lágbára." Kílò mélòó? Kí ni gígùn láti wílì iwájú dé tẹ̀yìn? Ṣé ó ní ṣáàsí lábẹ́ bíi D-Series ti Gavril, tí bọ́dì kan jókòó lé e lórí, àbí bọ́dì fúnra rẹ̀ ni egungun bíi ti Covet? Èyí tí o bá mú nínú méjèèjì ni yóò sọ bí ọkọ̀ náà yóò ṣe rún, bóyá ilẹ̀kùn yóò ṣì ṣí lẹ́yìn tó bá forí sọ igi. Kọ ẹ̀gbẹ́ tí sítíárìn wà pẹ̀lú. Mo ṣì kéré ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí ọ̀tún, mo sì rí bí ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ jókòó sí ṣe lè sọ ọ̀nà tó ti mọ̀ di àjèjì sí i.

Ìkẹfà, bọ́ọ̀sì kékeré ti Ibishu, dára níwọ̀n. Fi ọdún àti ìwọ̀n rẹ̀ kún un.

Ìkarùn-ún ló mú mi dìde jókòó. Ìlà mẹ́ta péré lo fún un: sítéṣọ̀n wágọ́ọ̀nù ti Cherrier, ti ayé àtijọ́, fún ìdílé, fún ọ̀nà tí kò dán. Èyí lọkọ̀! Mo mọ ibi tí o ti rí i. Fọ́tò bàbá ìyá rẹ ni, níbi tó ti dúró ti Peugeot 504 tó fi ń ná Èkó sí Ìlọrin.

504 jáde ní Faransé ní 1968, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní 1975. Ti sàlúùnù, mítà 2.74 ló wà láàárín wílì iwájú àti tẹ̀yìn. Ti wágọ́ọ̀nù jẹ́ 2.90. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n sẹ́ńtímítà mẹ́rìndínlógún yẹn ni ìjókòó ìlà kẹta rí àyè sí. Wílì ẹ̀yìn sàlúùnù ń dá rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹni tó rà á fẹ́ ìtura. Wágọ́ọ̀nù kò ní irú rẹ̀. Ọ̀pá ásù kan gbọnrangandan ló so wílì ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀, sípíríìnì mẹ́rin ló sì gbé e, méjì ní apá kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹrù. Tí èrò bá kún, tí iṣu àti garawa epo sì wà lórí kárìà, ẹ̀yìn á wọlẹ̀, imú á gbé sókè, iná iwájú á kúrò lójú títì á máa tàn sára igi. Sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, nítorí wílì iwájú kò tẹlẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn dẹ́rẹ́bà àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti máa pa eré kí wọ́n tó dé kọ́nà. Ẹni tó wo fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè mọ èyí, ìwọ lè mọ̀ ọ́n, nítorí o ní ẹni tí o lè bi.

Má ṣe kọ Peugeot sí i, má sì ya ojú rẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ náà wà fún ni kí o mú. Jẹ́ kó jẹ́ ìdílé kan: sàlúùnù, wágọ́ọ̀nù àti píkọ́ọ̀pù lórí egungun kan náà, bí D-Series àti Roamer ti Gavril ṣe pín iwájú àti ṣáàsí láàárín ara wọn. Iṣẹ́ á dín kù fún ẹni tí yóò ṣe é, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí àwọn tó ni géèmù tẹ́tí. Fi takisí ojú ọ̀nà jíjìn sí i, fi ti dókítà abúlé sí i. O lè fi ti eré ìdíje náà sí i láìtijú, torí 504 gan-an ló gba Safari Rally ní Kenya ní 1975, ó sì tún gbà á ní 1978. Fún un ní àbùkù pẹ̀lú: kí sípíríìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ bó bá dàgbà, kí bíréèkì iwájú gbóná kó má fẹ́ mú mọ́ bó bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tòun tẹrù. Ọ̀nà tí wọn yóò ti dán an wò ti wà nínú géèmù náà, eruku Utah àti ẹrẹ̀ Jungle Rock Island.

Bí wọn kò bá mú un ńkọ́? Má ṣe bú wọn, má ṣe bá ọmọ ẹlòmíràn tí ìrònú tirẹ̀ yàtọ̀ jà. Ọkọ̀ kan tó pé pérépéré gba iṣẹ́ oṣù púpọ̀, àwọn tó ń fẹ́ tiwọn sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Dípò èyí, kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Fáìlì JBeam tó ni egungun ọkọ̀ kì í ṣe awo. Ìwé lásán ni, a lè ṣí i kà lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ géèmù yìí gan-an, inú Rigs of Rods ni wọ́n ti wá, géèmù ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń fi í ṣeré ń fọwọ́ ara wọn dá ọkọ̀ sí. Ní 2013 ni gbogbo ayé kọ́kọ́ rí BeamNG gbà, ó dé ilé ìtajà géèmù Steam ní 2015. Bí fáìlì bá ṣì le jù fún ọ, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù Automation ti Camshaft Software: wàá to ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì papọ̀ níbẹ̀, wàá sì gbé ọkọ̀ náà lọ sínú BeamNG láti gùn ún.

Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ fún nìyí. Pa ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tì ná. Mú wágọ́ọ̀nù yẹn, kí o kọ ọ́ sí ojú ewé kan ṣoṣo: ọdún tó jáde, ẹni tó ń rà á, ìwọ̀n rẹ̀ láìsí ẹrù àti pẹ̀lú ẹrù, irú sípíríìnì, àbùkù méjì. Fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí, kó tó dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá bá sípíríìnì mu, èmi ni yóò sọ fún ọ.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì sọ fún un pé fọ́tò bàbá wa wà lọ́wọ́ mi, kó má wá a mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Bàbá Mọ́kọ́lá